Èdè Òyìnbó Fẹ́ Fa Ọmọ Mi Lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú wa. Àgbẹ̀ ni mí l'Àpòmù, n ò kàwé. Aládùúgbò mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ má dárúkọ mi.

Bàbá wa fi mí sóko kòkó tí wọ́n ń tà fún òyìnbó, owó rẹ̀ ni wọ́n fi rán àbúrò mi níléèwé. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ọmọ mi obìnrin yóò ṣègbéyàwó. Ló bá kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Dádì Ìkirè mú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Gẹ̀ẹ́sì làwọn àna wa ń sọ."

Àbúrò mi ni Dádì Ìkirè. Èmi ni Bàbá.

Mo ní, "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ló bí ọ ni?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, iwájú náà lẹ ó jókòó sí." Ó ti rán kóòtù tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà!

Mò ń jowú rẹ̀, n ò ní purọ́. Òyìnbó ti lọ tipẹ́, síbẹ̀ èdè rẹ̀ ló ń yan ẹni tí yóò ṣe bàbá nílé mi.

Kí ìyàwó tó jáde nílé, bàbá rẹ̀ ní í gbọ́wọ́ lé e lórí, tí í súre fún un. Mo ti ní n ò ṣe. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n súre náà, àbí kí Dádì Ìkirè fi Gẹ̀ẹ́sì súre fún un?