Èyí Tó Ń Fẹ́ Láìpariwo

Sí ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ọlọ́wọ́-epo,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń sùn dáadáa, ṣé o ń jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú? Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ ní ti oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà, ṣé o ń jẹun? Àwa níhìn-ín wà, a dúpẹ́, bí a bá yọ ti eyín mi kúrò, n ó sì dé orí ọ̀rọ̀ eyín náà láìpẹ́. Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí máa ṣọ́ ọ níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ níbi tí o bá ń lọ, kí iná mànàmáná tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ má fọwọ́ kàn ọ́. Àmín.

Ìpè tí o pè wá lóṣù tó kọjá ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó yẹ kí o mọ ohun tí ojú wa rí. O mọ̀ pé fóònù tíṣà ni, o sì mọ̀ pé orí òkúta ẹ̀yìn ilé rẹ̀ nìkan ni ohùn ti ń wọlé, ìyá rẹ ò sì jẹ́ kí n gbé e sétí, ó ní etí òun ló mú ju tèmi lọ. A ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ. Ohun tí a gbọ́ ni pé o ti ní ọ̀kan báyìí tó ń fẹ́ dáadáa. Pé ti tẹ́lẹ̀ máa ń pariwo, gbogbo ilé ló ń mì tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n pé èyí ń fẹ́ láìpariwo. Pé ọdún méjì lo fi ń tún un ṣe kó tó gún. Pé àwọn dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò sì rí àlébù kankan lára rẹ̀. Pé bó bá fẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kì í rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ já.

Ọmọ mi, kí lo fẹ́ kí òbí méjì rò? Ìyá rẹ kúnlẹ̀ sórí òkúta yẹn, ó ń dúpẹ́, ó ń nu ojú, fóònù onífóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí tíṣà ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má jẹ́ kó bọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣiyèméjì, mo ní irú ọkùnrin wo ni wọ́n ń fi ọdún méjì tún ṣe. Ìyá rẹ ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé tí òun ti ń tún èmi ṣe, òun ò sì tí ì parí. Ní ti àwọn dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, mo sọ fún un pé ọmọ wa gbọ́n, pé àwọn mìíràn á fẹ́ra tán kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe ara wọn.

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. A kó gbogbo táyà àtijọ́ tí mo ti tò sínú yàrá rẹ jáde. Mo kun ògiri ní ọ̀dà funfun, mo kun fèrèsé ní búlúù. Káfíńtà tí ògiri rẹ̀ kan tiwa bá wa fi pákó mẹ́ta kún ibùsùn rẹ, nítorí ẹni méjì ni yóò máa sùn lórí rẹ̀, ó sì kan ìkọ́ méjì mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọ̀kan fún aṣọ tìẹ, ọ̀kan fún ti àna wa. Ìyá rẹ ń gbá yàrá náà láàárọ̀, ó tún ń gbá a lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tí ì tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, tíṣà sáré dé, ó ní àwòrán ti wọlé. Ìyá rẹ ní kó dúró ná, ó lọ pààrọ̀ aṣọ, ó ní òun ò fẹ́ kí àna òun kọ́kọ́ rí òun nínú aṣọ iṣẹ́. Èmi náà fọ ọwọ́. Nígbà tí tíṣà ṣí i, ohun tí a rí ni àpótí irin funfun kan, kò ga ju ìbàdí lọ, ó ní ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́rin tó ń yí, rọ́bà gígùn méjì jáde lára rẹ̀, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan pupa, ìwọ sì dúró tì í, o gbé ọwọ́ lé e bí ẹni gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni, o ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ní kí tíṣà sún fóònù sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí òun lè rí ẹni tó dúró sẹ́yìn àpótí. Tíṣà sún un, ìyá rẹ kò rí ẹnì kankan. Tíṣà wá ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, pé ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn nìyí, fún yàrá iṣẹ́ abẹ àti fún àwọn oníṣègùn eyín, èyí tí ẹ tún ṣe kó dára ju ti àtijọ́ lọ. Ìyá rẹ ní kó tún un kà. Ó tún un kà, kò sì yí padà.

Pọ́ọ̀ǹpù ni. Àna wa, pọ́ọ̀ǹpù ni.

Má bínú, inú wa dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ wá síwájú ìsọ̀ mi. Ṣùgbọ́n n ò ní fi pamọ́ fún ọ, ó dùn wá, kì í sì í ṣe nítorí ọkọ. Ọkọ á dé nígbà tó bá máa dé, bí kò bá sì dé, ọmọ wa lo ṣì jẹ́. Ohun tó dùn wá ni pé a ti rò pé ẹni tó bá fẹ́ ọmọ á wá rí òbí rẹ̀, àti pé bó bá ń bọ̀, wàá tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin rèé tí a ti fojú kàn ọ́ kẹ́yìn. Àárò rẹ ń sọ wá, ọmọ yìí. Ìwọ náà ti wá ń ṣiṣẹ́ láìpariwo jù, oṣù á wọlé, oṣù á jáde, a ò ní gbọ́ ohùn rẹ.

Ní ti ẹ̀rọ náà, jẹ́ kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn, ẹni tó bá ti fẹ́ táyà fún ogójì ọdún kì í ṣe ọmọdé nídìí atẹ́gùn. Sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n má fẹ́ aláìsàn kọjá bó ṣe yẹ. Kí wọ́n máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, bó bá ti le díẹ̀, kí wọ́n dúró, nítorí mo ti rí táyà tó bẹ́ lójú mi, táyà ṣeé lẹ̀, ènìyàn ò ṣeé lẹ̀. Tíṣà ní wọn kì í fẹ́ ènìyàn, ó ní irin kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín ni atẹ́gùn yẹn ń yí, òun náà ló sì ń mú kí eyín gbẹ, pé rọ́bà kejì ló ń fa itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ kúrò kí dókítà lè ríran. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n n ò rí pọ́ọ̀ǹpù tó ń fẹ́ tó tún ń fà rí. Bí kò bá sì fẹ́ dáadáa mọ́, tú orí rẹ̀, wàá rí awọ róbótó nínú rẹ̀, fi epo díẹ̀ pa á, bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà tí o ṣì ń jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi, tí a sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-epo. Tíṣà ní ohun tó mú tìrẹ dára jù gan-an ni pé kò ní epo nínú rárá. Mo wá jókòó, mo ń ronú pé kí ló tún kù tí mo lè kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ eyín wá kàn. Eyín ńlá òsì, nísàlẹ̀, ló ń dà mí láàmú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, n ò lè jẹ ohun tó le. Ìyá rẹ fà mí lọ sí ilé ìwòsàn eyín tó wà nílùú kejì. Nọ́ọ̀sì mú fọ́ọ̀mù jáde, ó bi mí pé ta ló sún mọ́ mi jù. Mo ní káfíńtà ni, ògiri kan náà la jọ ní, bó bá sín mo ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọmọ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Mo ní ọmọ mi kò sún mọ́ mi, ó jìnnà, ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni nínú ọkọ̀, mi ò lè purọ́ sínú ìwé. Ó wo ìyá rẹ, ìyá rẹ sì ń wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ ni.

Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀rọ tiwọn wà, lábẹ́ páànù. Nígbà tí wọ́n tàn án, mo rò pé ọkọ̀ akóyanrìn ló ń wọlé, ọkùnrin kan tó ṣáájú mi dìde ó sì lọ sílé rẹ̀. Dókítà eyín, obìnrin ni, kò lè jù ọ́ lọ, sọ fún mi pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́, pé epo rẹ̀ ń bá atẹ́gùn wá sẹ́nu aláìsàn, pé òun gbọ́ pé àwọn kan ti ṣe irú èyí tí kì í pariwo. Mo ní ọmọ mi ni. Ó wò mí bí ẹni pé ìrora ti gùn mí dé orí. Mo bá dìde, mo ní n ò ní la ẹnu mi fún ẹ̀rọ ẹlòmíràn nígbà tí ọmọ mi ní tirẹ̀. Nítorí náà, eyín náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń dùn mí gan-an, ìwọ ni mò ń dúró dè. Tètè máa bọ̀, kí o sì mú ẹ̀rọ náà dání, ó ní ẹsẹ̀, o lè máa yí i bọ̀ láti ibùdókọ̀.

Ìyá rẹ ti ka ohun tí mo kọ dé ibí, ó ti gba kálámù lọ́wọ́ mi, ó ti dá a padà. Ó ní a kì í fi irọ́ pe ọmọ wálé. Ìwé tó kù lọ́wọ́ mi ò pọ̀, n ò lè tún un kọ, nítorí náà gbọ́ òótọ́ níbí. Mo padà jókòó lọ́jọ́ yẹn. Mo la ẹnu, ẹ̀rọ burúkú yẹn ń ké, ìyá rẹ di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n sì yọ eyín náà. Kò dùn mí mọ́ rárá. Àyè rẹ̀ ló ṣófo, ahọ́n mi ò sì kúrò níbẹ̀, bí mo bá ń lẹ táyà ó wà níbẹ̀, bí mo bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ó ti padà síbẹ̀. Bí èmi náà ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ láràárọ̀ nìyẹn, tí mò ń wo ìkọ́ méjì. Kò sí ohun tó ń ṣe wá, ọmọ mi. A kàn fẹ́ rí ọ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí bí bàbá bá kọ lẹ́tà tí kò tọrọ owó, ọmọ á rò pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ níparí oṣù, a fẹ́ ẹ, a sì fẹ́ ẹ kíákíá. Ṣùgbọ́n má fi í sí báńkì, àwọn ará ibẹ̀ máa ń bu díẹ̀ jẹ lójú ọ̀nà, ebi ló ń pa wọ́n. Mú un lọ sí ibùdókọ̀ fúnra rẹ, fi í lé awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà ilé lọ́wọ́, kí o sì bá a wọ ọkọ̀ náà, kí o jókòó síbi tí o ti lè máa wo ọwọ́ rẹ̀, títí tí yóò fi já ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Bí owó wa ṣe máa tẹ̀ wá lọ́wọ́ nìyẹn, kò sì ní dín.

Kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ rẹ, kí ohun tí o bá ṣe mú ara tu àwọn tí o ò mọ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀nà á là fún ọ, àlàáfíà ni o ó bá wa.

Èmi ni bàbá rẹ, pẹ̀lú ìyá rẹ tó ti ń gbá yàrá.