Ojú Ni Mo Ń Tà

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù karùn-ún, 1956

Mo ti kúrò. Ọdún mẹ́tàlélógún ní kọ́ńpìnnì tó ń kọ́lé. Èmi Joseph, tí n kò ka ju ìwé méjì lọ, tí mo ru òkúta Mápó lórí nígbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù, èmi ni mo di fómaanù lórí àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ketekete. Kò sí ògiri tí mo ní yóò dúró tó wó rí. Kí ẹni tó bá mọ ọ̀kan sọ ọ́.

Mo kó okùn olójé tí mo fi ń wò bí ògiri ṣe dúró, mo dágbére fún Onífìlà-Líle — òyìnbó ẹnjiníà wa, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò mọ̀. Ó ní ààyè mi ṣí sílẹ̀ títí di òpin oṣù yìí, bí mo bá yí ọkàn padà. Ọkàn wo? Èmi ń wò, òun ń fọwọ́ sí i, ìlú ń yin òun. Ó tó.

Ojú mi ni n óò máa tà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé baba rẹ̀, kó wá mú mi lọ wò ó kó tó náwó. N kò ní í fọwọ́ kan amọ̀ mọ́.

Ìyá Títí ìyàwó mi ní bíríkìlà ń gba owó ọwọ́, káfíńtà ń gba owó ọwọ́, ta ló ń ra ojú n'Íbàdàn? Mo ní kó máa wò mí. Àmọ́ àyà mi já díẹ̀.

Ọjọ́rú, 16

Kò sẹ́ni tó wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Ẹni mẹ́ta wá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n béèrè, mo dáhùn, wọ́n ní bàbá á pẹ́ fún àwọn, wọ́n lọ. Ọ̀kan fún mi lóbì. Ṣé àgbàlagbà bíi tèmi á wá máa sọ fún ẹni tó dọ̀bálẹ̀ pé ìmọ̀ràn lówó lórí? Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Àbí pátákó kọ́ńpìnnì ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún látọjọ́ yìí, tí kì í ṣe èmi?

Ọjọ́ Ajé, 21

Ọlọ́run ṣe é. Yésúfù tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà'ba wá fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Òun fẹnu ara rẹ̀ béèrè èló ni mò ń gbà. Mo lọ. Ògiri amọ̀ àtijọ́, ó nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Mo fi ìka kàn án, mo fetí sí i, mo ta okùn olójé, ó dúró ṣánṣán. Gbogbo agbo ilé ń wo ẹnu mi. Mo ní, “Yóò gbé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀.”

Mo gba Oríta-mẹ́rin darí sílé bí ìjòyè.

Ọjọ́ Àìkú, 27

Wọ́n ti tẹ́ igi àjà. Búlọ́ọ̀kù ti dé ojú fèrèsé òkè. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ní kọ́ńpìnnì, bí mo bá wo nǹkan tán, Onífìlà-Líle á tún un wò, á ṣírò, á wá fọwọ́ sí i. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Èyí, èmi nìkan ni mo wò ó. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29

Mo dáràn.

Mo lọ wo iṣẹ́. Ìyá àgbà Kúbúrá, ìyá Yésúfù, tẹ́ ẹní sí ìdí ògiri nínú yàrá ìsàlẹ̀, ó ń fa tẹ̀súbáà. Mo bá wọn ṣàwàdà, mo ní ṣé ògiri yìí lọkọ yín ni, tẹ́ ẹ fi fara tì í báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ò kúkú purọ́,” ni wọ́n wí. “Ibí ni bàbá Yésúfù sùn sí. Abẹ́ ògiri yìí gan-an ni wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ sàréè wọn wọ̀.”

Ta ni kò mọ̀ pé inú ilé là ń sin onílé sí? Ìyá tèmi wà lábẹ́ yàrá tí mo ti ń kọ èyí. Sàréè àwọn Mùsùlùmí, bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ wálẹ̀ tán, wọ́n á tún gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wọnú, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ òkú sí. Ihò ló wà lábẹ́ ògiri tí mo ní kó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òjò ń mu wọnú rẹ̀. Òyìnbó ò lè mọ̀ kó béèrè ibi tí òkú ilé wà. Èmi ọmọ Ìbàdàn ló yẹ kí n béèrè. Mo kan ògiri, n kò béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀.

Mo wálé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìtìjú.

Ọjọ́rú, 30

N kò jáde. Òjò.

Ọjọ́bọ̀, 31

Mo lọ sọ ọ́. Lójú gbogbo wọn. Mo ní mo ṣìnà, kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, kí ẹnikẹ́ni má wọ yàrá yẹn mọ́. Mo ní ká gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri ká wò ó. Yésúfù béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo fẹ́ kí òun hú baba òun. Bíríkìlà kan ní, “Lọ́jọ́ sí, bàbá ta ojú ọ̀tún fún wa. Òní, wọ́n tún gbé tòsì wá. Kí ni wọ́n á fi ríran délé?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ìyá àgbà ní ọdún mọ́kànlá lòun ti ń jókòó ti ọkọ òun níbẹ̀, òjò ò ní í lé òun.

Òní ni ọjọ́ tí Onífìlà-Líle dá fún mi pé. Mo dé ẹnu géètì kọ́ńpìnnì. Mo yí padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù kẹfà

Yésúfù ti pe Oyèdélé, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, tó jókòó sórí àga mi ní kọ́ńpìnnì báyìí. Ó fi ìka kàn án, ó fetí sí i, ó ta okùn. Bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ó ní ògiri dára, kí Fómaanù lọ sinmi.

Ọjọ́ Àìkú, 3

Ògiri ṣì dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gba ibẹ̀ kọjá lánàá. Wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Yóò-Wó. Bí kò bá wó, ta ni yóò tún pè mí wo nǹkan? Bí ó bá wó, ìyá àgbà ń kọ́? Ní ṣọ́ọ̀ṣì mo ní kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí sí. Ẹnu mi nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Ó wó.

Ọ̀sán ni. Mo wà níwájú onígbàjámọ̀ l'Óríta-mẹ́rin, ó ti fá ìdajì orí mi. Ẹnì kan sáré kọjá, ó ní ilé Yésúfù ti lulẹ̀. Mo dìde tèmi ti aṣọ onígbàjámọ̀ lọ́rùn, mo sì ní, “Mo sọ fún wọn.” Gbogbo èèyàn gbọ́. Inú mi dùn. N kò ní í purọ́ síhìn-ín, ó dùn ju ọjọ́ tí wọ́n fi mí ṣe fómaanù lọ. Ó dùn títí mo fi rí eruku ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí n tó rántí pé ìyá àgbà máa ń jókòó níbẹ̀.

Wọn ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti jáde lọ ṣe àlùwàlá ìrun Àìlà. Bíríkìlà kan fara pa lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú.

Yésúfù dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀. Ẹni mẹ́rin ti ní kí n wá wo tàwọn lọ́la, wọ́n ní iyekíye tí mo bá pè làwọn á san. Àwọn tó ń pè mí ní Yóò-Wó ń pè mí ní Ẹnjiníà.

Ìyá àgbà di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Wọ́n ní nínú gbogbo ilé yìí, èmi nìkan ni ẹ̀mí òun jọ lójú, òun mọ̀ pé ẹ̀rù kí ògiri má wó lu òun ló ń lé mi kiri.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá.