Ìyá Mi Ń Bomi Rin Kọnkéré

Olóòtú wa, ẹ kú ètò, ohùn yín ò ní há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí.

Bíríkìlà tó ń fi kọnkéré ṣe ọ̀ṣọ́ sí àgbàlá ni mí. Nígbà tí ìyá mi yọ̀ ṣubú nínú ọgbà ẹ̀fọ́ wọn, mo da kọnkéré bo ilẹ̀ ọgbà náà, mo tẹ àwòrán ewé sí i. Mo ní kí wọ́n máa bomi rin ín kó má baà sán. Ó ti le tipẹ́, wọn ò yéé bomi rin ín. Wọ́n ní, "Ewé rẹ mà pẹ́ kó tó hù o."

Ìyàwó mi ní kí n gba korobá, kí wọ́n má tún ṣubú. Ó ti sú mi.

Ẹ̀yin olùgbọ́, mo ti gba ọgbà lọ́wọ́ ìyá mi. Ṣé kí n tún gba korobá?