Wo Bàbá Ìjọba Lójú

Ọjọ́ Ajé, 12 May

Mo di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lónìí. Ẹ̀rín ń pa èmi fúnra mi.

Margaret ló fà á. Ìyá rẹ̀ wà ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí Shooters Hill. Margaret ń ya fíìmù ní Southmere, ní London níbí, nínú ilé kan tí wọ́n fẹ́ wó. Ẹni tó yẹ kó ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ – owó kò sí níbẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni. Margaret ní ojú mi jọ ojú ẹni tó mọ àṣírí í pa mọ́. Kò tilẹ̀ mọ nǹkan tó sọ.

Ìtàn ọ̀hún: májèlé jò sínú omi láti ilé ìwádìí ìjọba. Ìjọba ní kí gbogbo wa panu mọ́. Ọ̀rẹ́ mi inú fíìmù gbé ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà sá lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba wá ń bi mí pé níbo ló wà, èmi á ní mi ò mọ̀. Iṣẹ́ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 14 May

Kàfí pè. Uncle Jimoh, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, rò pé Kàfí ọmọ àwọn ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leicester. Ọmọ ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti January. Woolwich ló wà, ó ń ṣe irun. Èmi nìkan ló mọ̀.

"Sister Anisah, please, má sọ fún Daddy. I'll tell him myself, lẹ́yìn Iléyá. Promise me."

Mo ṣèlérí. Uncle yìí ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, tó fún mi ní yàrá. Mò ń jẹ oúnjẹ wọn, mo sì ń purọ́ fún wọn. Ó ń dùn mí.

Sátidé, 17 May

Bàbá Ìjọba – orúkọ tí mo sọ arúgbó tó ń ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Orí funfun báláú. Ó dàgbà ju bàbá mi lọ dáadáa. Ó jágbe mọ́ mi báyìí, ojú mi ti wálẹ̀, ọwọ́ mi ti lọ sẹ́yìn. Mo tilẹ̀ ní "Sorry, sir." Kò sí nínú ìwé!

Margaret ní ẹni tó bá ń wo ilẹ̀, irọ́ ló ń pa. Nílé wa ńkọ́? Ẹni tí àgbà ń bá wí tó tún ń wò wọ́n lójú, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn? Tí mi ò bá ṣe é dáadáa ní Jímọ̀, ó ní òun á wá ẹlòmíì.

Ọjọ́ Àìkú, 18 May

Mo fi dígí dánra wò. Dígí kì í ṣe àgbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 May

Mo dán an wò lára Auntie Falilat, ìyàwó Uncle, níbi tí wọ́n ti ń bá mi wí nítorí ìkòkò tí mo jẹ́ kó jóná. Mo tẹjú mọ́ wọn.

"Anisah, èmi lò ń wò báyẹn? Ṣé o fẹ́ gbá mi létí ni?"

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá ara mi.

Jímọ̀, 23 May

Ó bọ́ sí i! Mo wo Bàbá Ìjọba lójú, mi ò ṣẹ́jú. Mo ní mi ò mọ ibi tó wà. Margaret pàtẹ́wọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun gbà mí gbọ́. Inú mi dùn débi pé mi ò wọ bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ni mo fi gba Yarnton Way délé.

Ọjọ́ Àìkú, 25 May

Mùjídì, tí òun àti Uncle jọ ń wa bọ́ọ̀sì, rí Kàfí ní Woolwich lánàá. Níwájú ṣọ́ọ̀bù onírun, pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́. Uncle pe fóònù ọmọ, kò gbé e. Wọ́n pè mí sí pálọ̀. Wọn ò pariwo.

"Anisah, níbo ni Kàfí wà?"

Mo rántí Jímọ̀. Mo gbójú sókè, mo wò wọ́n kòrókòró.

"School ló wà, Uncle. Leicester."

Wọ́n yíjú sí Auntie. "Látìgbà tó ti wọ ilé yìí, ọmọ yìí ò wò mí lójú rí." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Wọ bàtà ẹ. Ó yá, mú mi lọ bá a."

Mo mú wọn lọ sí ibi tí Kàfí ń gbé ní Woolwich. Kàfí ṣílẹ̀kùn. Kò wo bàbá rẹ̀ rárá. Èmi ló ń wò.