Ehoro Tó Bọ́ Sínú Adágún àti Etí Omi Tí Ẹ Fẹ́ Tì

Yàrá Kejì, Ìsàlẹ̀ Ilé Aláwọ̀ Ewé,
Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Àtijọ́.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹjọ.

Alága Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ọgbà Ìgbafẹ́ Ńlá,
Òkè Kẹta, Ẹ̀gbẹ́ Géètì Àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ ṢE FI FẸ́ǸSÌ YÍ ETÍ ADÁGÚN TÓ WÀ NÍTA GÉÈTÌ KÁ

1. Kò sí ẹni tó mọ ọgbà ìgbafẹ́ yín tó mi láyé yìí. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń wá síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn. Mo mọ ohùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìgbà tí wọ́n fi òróró sí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè, mo sì mọ ìgbà tí wọ́n gbàgbé. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò máa mú àlejò káàkiri inú ọgbà náà, èmi gan-an lẹ ń wá.

2. Ó yẹ kí n tún ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ṣe díẹ̀, torí ìyàwó mi jókòó tì mí níbi tí mo ti ń kọ̀wé, ó sì ti ń húkọ́ tí kì í ṣe ikọ́. N kò wọ inú ọgbà náà rí. Ìta géètì ni mo mọ̀. Orí àga gbọọrọ tó wà létí adágún, láàárín géètì yín àti ibùdókọ̀, ni mo ti lo gbogbo ọdún mẹ́sàn-án náà. Ṣùgbọ́n ìta yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

3. Mo kí yín kú iṣẹ́. Géètì yín rẹwà. Ó ga ju ilé tí wọ́n bí mi sí lọ, àwọn ẹyẹ sì ti kọ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀ láìgba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ṣọ́ tó ń dúró níbẹ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ mi sọ lórúkọ ní Ọ̀gbẹ́ni Tíkẹ́ẹ̀tì-Dà, ọmọlúàbí ni. Kò rẹ́rìn-ín rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. N kò bá yín jà nítorí iye tí ẹ ń gbà kí èèyàn tó wọlé. Ẹni tó bá ní in, kó wọlé, kó lọ dorí kodò nínú afẹ́fẹ́, kó sì máa pariwo. Ọ̀rọ̀ àwa tí a kò ní in ni mo bá wá, àwa tí a ń gbádùn ara wa níta láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

4. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ ohun tó wà níta géètì ara yín, torí fèrèsé ọ́fíìsì yín kọjú sínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Omi kan wà láàárín adágún tó máa ń tú sókè ní gbogbo wákàtí, tòun torin. Àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì yín tó wà lódìkejì adágún lẹ ṣe é fún, ṣùgbọ́n omi kò mọ ẹni tó sanwó. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ wà. Ìdíje igbe náà wà: bí ọkọ̀ yín tó ń gun òkè bá ti ń já bọ́ wálẹ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ fi igbe ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ló ké tàbí obìnrin, òun ló borí. Àgbà nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi kì í ṣì í. Ó ní àwọn ọkùnrin ló máa ń pe ìyá wọn. A tún máa ń wo àwọn ìdílé tó ń wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun àti ẹ̀rín, a ó sì dúró wo bí wọ́n ṣe máa jáde. Bàbá gbé ọmọ kan kọ́rùn, ó gbé èkejì sápá, ìyàwó ń lọ níwájú, kò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ kò ní irú eré yẹn nínú ọgbà. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sì wà tó ń gbé àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì sọdá. Ẹni tó ń wà á máa ń gbé àwọn ọmọ wa náà lọ, ó sì ń gbé wọn bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ awakọ̀ ojú omi kan ṣoṣo lẹ ní, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yára kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

5. Síbẹ̀, kì í ṣe nítorí pẹ́pẹ́yẹ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ọmọbìnrin mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì yín. Òun ló ń fọ aṣọ ìbùsùn tí àwọn àlejò yín ń sùn lé. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Kí àwọn ọmọ tó jí, ó ti lọ. Kó tó dé, wọ́n ti sùn. Yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo ló tún ń rí wọn láìsùn: ìdajì wákàtí tí ẹ fún un láti jẹun láago méjìlá ọ̀sán Sátidé. Yóò gba géètì òṣìṣẹ́ jáde tòun ti epúrọ́ọ̀nù, yóò jókòó sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀ lórí àga wa, wọn yóò sì jọ jẹun nínú abọ́ tí ìyàwó mi gbé wá. Èyí tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́rin, a máa gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, a máa gbóòórùn ọṣẹ tó wà níbẹ̀ títí ìyá rẹ̀ yóò fi ní, "Jọ̀ọ́, dá ọwọ́ mi padà kí n fi jẹun." Àga yẹn ni tábìlì oúnjẹ wa. Kò sí ibòmíràn tó lè rìn dé kí aago tó lù ún padà sẹ́nu iṣẹ́.

6. Ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo rí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ òpó. Ó sọ pé àwọn ará ìta hùwà ipá sí òṣìṣẹ́ yín kan, pé wọ́n tì í sínú adágún, wọ́n sì fi nǹkan mímú ya aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ẹ ó fi fẹ́ǹsì yí etí omi ká, ẹ ó sì kó àwọn àga kúrò. Òṣìṣẹ́ náà ni obìnrin tó ń wọ aṣọ ehoro. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ehoro ńlá aláwọ̀ eérú, etí rẹ̀ gùn tó apá mi, tó máa ń juwọ́ sáwọn ọmọdé lẹ́nu géètì.

7. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ pé ẹni tó kọ ìwé yẹn kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Obìnrin náà, ọ̀rẹ́ ọmọ mi, tóun náà ti lé lógójì ọdún, bá ọmọ mi jáde ní àkókò oúnjẹ Sátidé. Ó jókòó tì mí. Nígbà tó ṣe, ooru mú un. Ó dìde, ó sáré sọ́tùn-ún, ó sáré sósì, ó ń nawọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Inú ẹnu ehoro ló ti ń ríran, kò sì lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Etí omi ń yọ̀. Bó ṣe wọlé nìyẹn. Omi náà kò kọjá orúnkún, ṣùgbọ́n ehoro tó bá ti mu omi a máa wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwa mẹ́fà la wọ omi lọ fà á jáde. Ọ̀gbẹ́ni Tíkẹ́ẹ̀tì-Dà yíjú padà ní àsìkò yẹn gan-an, ó rí ọwọ́ méjìlá lára ehoro, ó sì kọ ohun tó rò pé òun rí. N kò dá a lẹ́bi. Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ nìkan ni inú wọn kò dùn.

8. Ẹ lè béèrè pé kí ló lé ehoro náà sáré. Mo ti rò ó. Ó lè jẹ́ ooru lóòótọ́. Ó lè jẹ́ èèrà. Ní ti aṣọ tí ẹ ní a ya, aṣọ tó ti rẹ sínú omi, ẹ mọ̀ pé kì í pẹ́ ya. N kò rí ìdí tó fi yẹ kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ sọ fún yín pé òun yọ̀ ṣubú ni. Ẹ kò gbà á gbọ́, ẹ ní ó ń bẹ̀rù àwọn ará ìta. Ẹ̀rù ta ni? Ṣé tèmi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tí kò lè wọ bàtà láìdi ògiri mú?

9. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fẹ́ǹsì náà. Ẹ fi àwọn àga sílẹ̀, pàápàá èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, torí ìdí wa ti mọ́ ọn lára. Bó bá jẹ́ dandan kí ẹ fi irin yí nǹkan kan ká, ẹ fi yí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ká, àwọn ló máa ń já oúnjẹ gbà. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ wá bá wa jókòó ní Sátidé kan. Ẹ kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ìwé àgbàlagbà.

Èmi ni tiyín, láti ìta géètì,

Bàbá Aránṣọ,
Aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì; Alága, Ẹgbẹ́ Àwọn Ará Ìta Géètì
(ọmọ ẹgbẹ́ méjì, ìyàwó mi ni akọ̀wé, kò tíì gbà).

Àfikún. Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí pa nígbà tí ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi gíláàsì sójú, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Baba wa, abẹ́rẹ́ dà nínú ìwé yìí?" Mo ní, abẹ́rẹ́ wo? Ó ní, "Ṣé kí n bá yín kọ ọ́ ni?"

Ó dáa. Aṣọ ehoro náà ti ya lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìpù. Obìnrin náà ní bí òun bá gbé e lọ síbi tí ẹ ti ń tún aṣọ ṣe, ìwé mẹ́ta ni ọ̀gá mẹ́ta máa fọwọ́ sí, ilẹ̀ á sì ti ṣú. Òfin yín sì ni pé kò gbọdọ̀ bọ́ orí ehoro lójú ọmọdé. Mo ní kó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi ni pé aránṣọ kì í rán aṣọ mọ́ èèyàn lára. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí èmi náà fi ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wò mí, mo sì ti fọ́nnu fún wọn pé màá parí rẹ̀ kí omi tó ń tú sókè tó dáwọ́ dúró. N kò wọ gíláàsì. Mo parí rẹ̀ kí omi tó dáwọ́ dúró. Mo rán síìpù náà pa látòkè délẹ̀, mo sì rán ẹ̀wù tí obìnrin náà wọ̀ sábẹ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí ooru mú un, kò lè jáde. Síìpù náà ló ń nawọ́ sẹ́yìn wá. Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àlùmọ́gàjí tó wà lápò mi ni mo fi gé e jáde. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi kígbe pé, "Ẹ wò ó, èèyàn wà nínú ehoro!" Obìnrin náà kò dárúkọ mi fún yín torí pé bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí.

Ẹ gbé aṣọ náà wá, màá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, lórí tábìlì. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lé ẹnì kan kúrò létí omi, èmi ni kí ẹ lé. Màá máa dúró sí ibùdókọ̀ láago méjìlá Sátidé títí wọn yóò fi jẹun tán. Ẹ fi àga sílẹ̀ fún ọmọ mi àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí ará ìta kankan tó ti ehoro yín. Èmi ni mo rán síìpù rẹ̀ pa.