Nípa Ìwé Tí Dúpẹ́ Àyànkúnlé Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ́lẹ̀ fún Àwọn Ọmọbìnrin,
Ọ̀nà Ìdèrè,
Ìgbó-Ọrà.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà, ọdún 1973.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Aṣàyẹ̀wò Ìwé Àwọn Ọ̀dọ́,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi,

ÌWÉ ÌTÀN TÍ MO FI RÁNṢẸ́ SÍ YÍN NÍ ỌDÚN 1971, TÍ KÒ PADÀ SỌ́WỌ́ MI

1. Orúkọ mi ni Salome Ògúnrìndé. Olùkọ́ ni mí, mo sì ti ń kọ́ni ní Ìgbó-Ọrà láti ọdún 1959. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé yín lórí ọ̀rọ̀ dídá ìwé yìí padà, n kò rí èsì gbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ sí ẹ̀yin fúnra yín.

2. Ní ọdún 1968, kíláàsì kẹta ń ka ìwé ìtàn àtijọ́ kan tí òyìnbó kọ, tí wọ́n yàn fún ìdánwò. Ó dá lórí ọmọbìnrin kan tí ó fẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú nígbà ogun, tí ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Òyìnbó ni gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Ọmọ kíláàsì kan, Dúpẹ́ Àyànkúnlé, dìde, ó ní, "Mà, nígbà tí àwọn yìí ń ṣe gbogbo èyí, kí ni àwọn bíi tiwa ń ṣe?" Mo ní kí ó jókòó.

3. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ní kí Dúpẹ́ mú mi lọ sí Ìdèrè, sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ẹni tí ó ti tó ọgọ́rin ọdún. Màmá sọ fún wa pé nígbà ogun Ìjàyè, wọ́n kó ẹ̀gbọ́n ìyá òun lẹ́rú, ìyá òun, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sì jáde nílé láti lọ wá a.

4. Bí ìwé mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo tẹ̀lé ìtàn òyìnbó náà orí dé orí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìdèrè ni mo fi ṣe ẹni tó ń rìn. Erúwà àti Lanlate ni ó ń gbà kọjá. Àwọn tó fún un lóúnjẹ àti àwọn tó tàn án jẹ, èèyàn dúdú ni gbogbo wọn. Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi kọ ọ́, mo sì ń lọ bi Màmá léèrè ní ọjọọjọ́ Sátidé. Nítorí pé ojú mi kò dára, Dúpẹ́ ni ó da ìwé náà kọ ní mímọ́, igba ojú ewé ó lé mọ́kànlá. Bí mo bá mú kí ọmọ inú ìtàn sunkún jù, ó máa ń dá mi dúró. Ó ní ẹni tó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ráyè sunkún.

5. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yín ní oṣù kejì ọdún 1971. Lóṣù karùn-ún, akọ̀wé yín dáhùn pé a kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní gbà pé èèyàn dúdú lè wà nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n yí wọn padà sí òyìnbó, tàbí kí n gbàgbé rẹ̀. Mo kọ̀, mo sì ní kí wọ́n dá ìwé mi padà.

6. Oṣù yẹn náà ni ìjì ká òrùlé ilé tí mo ń gbé. Òjò ba gbogbo ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ jẹ́. Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín nìkan ni ó kù.

7. Àìsàn egungun tó ń yọ Dúpẹ́ lẹ́nu láti kékeré dá a wó ní ìparí ọdún náà. Nígbà tí mo lọ wò ó, ó bi mí bóyá ìwé wa ti jáde. Mo ní wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Irọ́ ni mo pa fún un. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1972, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Màmá náà kú ní oṣù kẹrin.

8. Ìyá Dúpẹ́, Arábìnrin Ìbílọlá, kò mọ̀wé kà. Ó wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́, ó ní wọ́n ti kó àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òun sin mọ́ ọn, kò wá sí ohun kan nílé tí ó fọwọ́ kọ. Ó ní, "Tísà, ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gbà."

9. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá sí Ìbàdàn. Lẹ́ẹ̀kejì, ní oṣù kẹrin ọdún yìí, òṣìṣẹ́ yín kan tẹ̀lé mi jáde. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ó ṣàánú mi ni. Ó ní, "Mà, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Nígbà tí a kó kúrò ní ọ́fíìsì àtijọ́, wọ́n dáná sun gbogbo ìwé tí a kò gbà."

10. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Bí ìwé náà bá ṣì wà, ẹ dá a padà bó ti wù kó rí, ì báà ṣe ojú ewé kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ti sun ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì lu òǹtẹ̀ sí i, pé ẹ gba ìwé náà, pé Dúpẹ́ Àyànkúnlé ni ó dà á kọ, àti pé ẹ sun ún. N óò kà á fún ìyá rẹ̀.

11. Kí ẹ má baà ní kí n tún un kọ, mo ti gbìyànjú. Mo dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti dé etí odò Ọ̀fìkì nígbà tí omi kún. Màmá sọ fún wa bí ìyá rẹ̀ ṣe sọdá, mo sì kọ ọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò rántí mọ́. Kò sí ẹni tí mo lè bi. Láti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni mo ti fi í sílẹ̀ sí etí odò náà.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, bí n kò tilẹ̀ retí ohun púpọ̀.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Salome Ògúnrìndé (Arábìnrin),
Olùkọ́ Èdè àti Ìtàn.