Ọ̀rá Mílíìkì Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 2022.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìtọ́jú Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Oògùn Olóró,
Òpópónà Ilé-Omi.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

MÍLÍÌKÌ NI WỌ́N BÁ LỌ́WỌ́ ÀBÚRÒ MI: Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ GBÀ Á PADÀ

1. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin tí gbogbo yín ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ṣọ́ yín rí ọ̀rá kékeré kan lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó ti padà sídìí oògùn olóró, wọ́n sì lé e jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò, kò sẹ́ni tó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mílíìkì ni. Èmi ni mo rà á, èmi náà ni mo dì í.

2. Òfin yín kò gba agolo wọlé, nítorí ẹnu rẹ̀ mú. Òfin náà dára, mo sì pa á mọ́: mo da mílíìkì sínú ọ̀rá, mo so ó pinpin kó má baà dà sáṣọ. Ṣé ìgbọràn wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

3. Nígbà tí oògùn ń bá a fínra, kì í jẹun. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kàn máa wò ó ni. Dókítà yín ló sọ fún mi pé kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́: ẹyin, ẹ̀wà, èso, mílíìkì. Mílíìkì yìí ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ béèrè. Ó ń lá a ní gbígbẹ, bó ti máa ń ṣe ní kékeré tí màmá wa á máa lé e kiri ilé. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún, mo rán ṣòkòtò tuntun fún un, mo sì fi àyè sílẹ̀ níbàdí.

4. Láti ìgbà tó ti délé, omi nìkan ló ń mu. Ó ní bí òun bá tún fọwọ́ kan mílíìkì, wọ́n á tún fojú ọ̀daràn wo òun. Àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ sì ti ń súfèé pè é níta.

5. Ọ̀rá náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá fẹ́, màá wá lá a lójú gbogbo yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbà á padà kí àwọn tó wà níta tó gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ yìí, bó ṣe rí i tí mo mú bébà, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. N kò tíì lè sọ fún un pé lẹ́tà máa ń pẹ́ kó tó gba èsì.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹ̀gbọ́n Tẹ́ẹ́rẹ́,
Aránṣọ.